Kí la lè fi dáàbò bo etí ọmọ nídìí ẹ̀rọ? Ìfiwéra fún òbí àti olùkọ́ abúlé

Ẹ̀pà ló dà sílẹ̀ nínú kíláàsì mi lọ́jọ́ náà. Ó fọ́n ká lábẹ́ àga, atẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀, mo sì sọ fún ọmọkùnrin kan tó jókòó nítòsí pé, "Ṣà á." Ó dìde, ó di etí atẹ́ náà mú, ó sì fà á wá sọ́dọ̀ mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣeré ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó yé mi pé ọmọ yẹn kò kọ etí ikún sí mi rárá. "Fà á" ló gbọ́. Ìyá rẹ̀ ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní abúlé tí mo ti ń kọ́ni ní Ìbàràpá, ẹ̀yìn ìyá náà ló sì ti ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnì láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

Àmì ohùn èdè wa, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, inú ìró tó wúwo ló wà. Etí tí ariwo ti bà jẹ́ ṣì ń gbọ́ ìyẹn. Ìró tó wà láàárín 3,000 sí 6,000 Hertz (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe tín-ín-rín tó) ni ariwo sábà máa ń kọ́kọ́ mú lọ, àwọn ìró tín-ín-rín bíi f, s àti ṣ sì gbára lé apá yẹn gan-an. Nítorí náà ọmọ á gbọ́ pé wọ́n ń pe òun, á gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ náà bó ṣe lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n "ṣà á" àti "fà á" á di ọ̀kan náà létí rẹ̀. Ilé á máa pè é ní olóríkunkun. Ilé ẹ̀kọ́ á máa pè é ní olódo.

Àwọn ohun tó ń gba ìró nínú etí, bí irun kéékèèké ni wọ́n rí, wọn kò sì ju nǹkan bí 15,000 lọ nínú etí kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kú nínú wọn kì í hù mọ́. Kò sí oògùn rẹ̀, kò sí àgbo rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú gbogbo àìgbọ́ràn tó ń bá ọmọdé, ìdá 60 nínú 100 ló jẹ́ ohun tí a lè dènà. Ariwo wà lára wọn.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń wà nídìí ọlọ, ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, jẹnẹrétọ̀, tirakítọ̀ tàbí ẹ̀rọ agégi ni mo kọ èyí fún. Ẹ fẹ́ mọ èwo ni kí ẹ mú: kí ọmọ jìnnà sí ẹ̀rọ, kí ẹ ra fóòmù tí à ń kì bọ ihò etí, kí ẹ ra rọ́bà tí òun náà ń wọnú ihò etí, tàbí kí ẹ ra èyí tó ń bo gbogbo etí.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Kí a tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká mọ bí ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ tó. Ẹ na apá sí ẹni tó wà níwájú yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, kí ìka yín kan èjìká rẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹ pariwo kí ó tó gbọ́ yín níbi tó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀, ariwo náà ti tó 85 decibel, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ṣe ìdánwò yìí fúnra rẹ̀, èmi sì ti rí i pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́, tí à ń pè ní NIOSH, ní kí àgbàlagbà má ṣe ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́ nínú 85 decibel. Tí ariwo bá ti fi 3 lé sí i, àkókò á já sí ìdajì. Wákàtí mẹ́rin ni ti 88, wákàtí méjì ni ti 91, wákàtí kan ni ti 94. Tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Ilé ọlọ sábà máa ń lé ní 90. Ẹ̀rọ agégi máa ń tó 110. Ìbọn ọdẹ kọjá 140, ìró rẹ̀ kan ṣoṣo sì lè ba etí jẹ́. Ẹ rántí pé etí àgbàlagbà òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣírò wọ̀nyẹn fún. Fún àwọn tó ń gbọ́ orin lórí fóònù, 80 decibel fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àgbà, wọ́n sì fún ọmọdé ní 75. Ohun tí àgbà bá lè fara dà, ẹ má ṣe rò pé ọmọ lè fara dà á.

Bí mo bá ń yan nǹkan fún ọmọ, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi ara mi ni iye ariwo tó máa mú kúrò lórí etí ọmọ gan-an, torí iye tí wọ́n kọ sára páálí yàtọ̀ sí i. Mo tún ń wo owó rẹ̀, àti bó ṣe máa pẹ́ tó lọ́wọ́ ọmọ abúlé tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún omi ẹ̀gẹ́ àti erùpẹ̀. Èyí tó sì wúwo jù lọ́kàn mi ni bóyá ọmọ náà máa lò ó nígbà tí kò sí àgbà kankan tó ń wò ó.

Kí ọmọ kúrò nídìí ẹ̀rọ

Ọ̀fẹ́ ni, òun ni mo sì fi ṣáájú gbogbo rẹ̀.

Ní gbangba, bí ọ̀nà tó wà láàárín ọmọ àti ẹ̀rọ bá di ìlọ́po méjì, ariwo á fi nǹkan bí 6 decibel dín kù. Ká ní ẹ̀rọ kan ń pa 97 létí ẹni tó wà ní mítà kan sí i. Ní mítà méjì, 91. Ní mẹ́rin, 85. Ní mẹ́jọ, 79. Mítà mẹ́jọ kò ju nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá àgbàlagbà lọ, ó sì ti mú 18 decibel kúrò láìná kọ́bọ̀. Inú ilé oní-páànù kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ibẹ̀, ariwo á máa lu ògiri, á máa padà sétí, ìgbà tí ọmọ bá jáde síta nìkan ni ìṣísẹ̀ yẹn tó níye lórí.

Nílé ọlọ, abọ́ ló máa ń tò sórí ìlà. Kò sídìí kankan tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ jókòó ti abọ́ rẹ̀. Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ ka ìṣísẹ̀ mẹ́wàá láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ, a sì to òkúta síbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kọjá òkúta. Kó gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀, kó lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á juwọ́ sí i bó bá kàn án. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọmọ ló wá ń lé ara wọn padà sẹ́yìn òkúta.

Kí wọ́n lè mọ ìdí rẹ̀, mo kó wọn lọ sójú ọ̀nà oko. Mo ní kí wọ́n tẹ koríko tútù kan mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a dúró wò ó. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbórí sókè. Mo wá fi ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ hàn wọ́n, tí wọ́n ń tẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, tí koríko kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ní, "Bí etí yín bá ń hó yee lẹ́yìn tí ẹ kúrò nílé ọlọ, koríko inú etí yín ló dùbúlẹ̀ yẹn. Ó lè dìde lónìí." Ọmọbìnrin kan bi mí bóyá ó máa dìde lọ́la náà. Mi ò dá a lóhùn, mo kàn tún wo ojú ọ̀nà náà, àwọn náà wò ó.

Iṣẹ́ àgbà tún wà níbí. Sàláńsà tó ti jẹrà lára ẹ́ńjìnì máa ń sọ ariwo rẹ̀ di ńlá, ẹ pe mẹkáníìkì kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé, kí ògiri wà láàárín òun àti ibi tí ọmọ ń sùn, kí ẹ sì kọjú ihò èéfín rẹ̀ síta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé e wọlé tàbí sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí kí ariwo má bàa yọ àwọn aládùúgbò lẹ́nu. Èéfín rẹ̀ ń pa odindi agbo ilé lójú oorun.

Ìdí pàtàkì kan wà tí mo fi gbé jíjìnnà ṣáájú ohun tí à ń rà. Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1992, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń ṣiṣẹ́ oko jọ. Wọ́n kọ́ apá kan nínú wọn nípa ariwo fún ọdún mélòó kan, wọ́n sì fún wọn ní ohun ìdáàbòbo etí lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà ẹ̀kọ́ náà, àwọn wọ̀nyí lò ó ju àwọn tí wọn kò kọ́ lọ. Lẹ́yìn ọdún 16, wọ́n tún wá wọn rí, wọ́n yẹ etí wọn wò. Àwọn tí wọ́n kọ́ ṣì ń dí etí ju àwọn yòókù lọ bí wọ́n bá ń yin ìbọn, ṣùgbọ́n ní ti bí etí ṣe bà jẹ́ tó, wọn kò yàtọ̀ síra. Mo ka èyí, ó dùn mí, nítorí olùkọ́ ni mí. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ bá ń pariwo bó ṣe ń pariwo, tí ọmọ sì ń jókòó síbi tó ń jókòó sí, ẹ̀kọ́ àti fóòmù nìkan kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe.

Níbo ni jíjìnnà ti kùnà? Lọ́dọ̀ ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ gan-an, tó ń ki ẹ̀gẹ́ bọ̀ ọ́, tàbí tó ń bá bàbá rẹ̀ kó pákó tí wọ́n ń là lọ́wọ́. Ìyẹn ló nílò ohun tó kù.

Ìka ọwọ́, àti òwú

Ìka tí ọmọ bá fi dí ihò etí rẹ̀ dáadáa ń dín ariwo kù gan-an. Ó dára fún ohun tó bá dé lójijì: ìbọn níbi ìsìnkú ọdẹ, báńgà lásìkò ọdún, ọkọ̀ tó tẹ fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ẹ kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ni léré. Ṣùgbọ́n ọmọ tí igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ìka tó máa fi dí etí.

Òwú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń lò ó, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Òwú àti bébà rírọ̀ kò dí ohun púpọ̀, ìró ń gba àárín wọn kọjá. Ewu rẹ̀ ni pé ọmọ á rò pé òun ti dáàbò bo ara òun, á sì pẹ́ síbẹ̀. Ẹ fi òwú sílẹ̀. Íápíìsì fóònù náà, ẹ má jẹ́ kó fi orin bo ariwo ẹ́ńjìnì, nítorí ohùn orin gbọ́dọ̀ ga ju ti ẹ́ńjìnì lọ kó tó gbọ́ ọ.

Nọ́ńbà ara páálí

Lára páálí ohun ìdáàbòbo etí, ẹ máa rí NRR àti nọ́ńbà kan, ìyẹn iye decibel tí wọ́n ní ó lè mú kúrò. Inú yàrá ìwádìí ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, lórí etí ẹni tí wọ́n bá fi í sí i dáadáa. Ní ọdún 1998, NIOSH dábàá pé ká yọ nǹkan kúrò nínú nọ́ńbà náà kó tó bá ìgbésí ayé mu: ìdá 25 nínú 100 fún èyí tó ń bo gbogbo etí, ìdá 50 fún fóòmù tí à ń yí, ìdá 70 fún èdídí etí yòókù, tí rọ́bà wà lára wọn.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò náà. Fóòmù tí wọ́n kọ 32 sí, 16 ló kù. Rọ́bà tí wọ́n kọ 25 sí, 7 àti àbọ̀ ló kù. Èyí tó ń bo gbogbo etí, tí wọ́n kọ 24 péré sí, 18 ló kù. Nítorí náà kí ẹ má kàn mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù.

Fóòmù tí à ń yí sínú etí

Òun ló rọ̀ jù lówó nínú ohun tí à ń rà, ẹ sì lè rí i ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àkẹtẹ̀ líle àti bàtà àwọn òṣìṣẹ́. Fífi sí i ló ṣòro. Kí ọmọ fọ ọwọ́ rẹ̀ kó sì nù ún gbẹ. Kó yí fóòmù náà láàárín ìka títí tó fi tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Kó gbé ọwọ́ kejì gba orí kọjá, kó fa etí náà sókè àti sẹ́yìn díẹ̀, kó kì í bọ̀ ọ́ kíákíá, kó sì fi ìka dì í mú títí tó fi máa ka ọgbọ̀n. Bó bá wọlé dáadáa, ohùn òun fúnra rẹ̀ á máa dún bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Bó bá yọ síta bí olú, kò tíì wọlé.

Ihò etí ọmọ kéré, ẹ béèrè èyí tó kéré jù. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún méje, èmi kò ní fún un. Ó lè fi sẹ́nu kó há a lọ́fun, ó sì lè tì í wọnú jù. Fóòmù kò ṣe é fọ̀ dáadáa. Ní ìdí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, tí ọwọ́ kò mọ́ fún wákàtí kan, kò ní pẹ́ tó fi máa dọ̀tí. Ẹ lò ó fún iṣẹ́ tí ọmọ máa fi sí i lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, tí kò ní máa yọ ọ́ tó ń fi í padà.

Rọ́bà tó ṣe é fọ̀

Èyí náà ń wọnú ihò etí, ó ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta bí àgboòrùn kéékèèké. Kò nílò yíyí, ó ṣe é fi ọṣẹ àti omi fọ̀, ó sì ń pẹ́ gan-an ju fóòmù lọ, nítorí náà owó rẹ̀ ń rọjú bí oṣù bá ń gorí oṣù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ bá ihò etí ọmọ mu rẹ́gí. Bí kò bá bá a mu, ìdá 70 tí NIOSH ní kí a yọ yẹn, ojú yín á rí i.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní okùn tó so méjèèjì pọ̀. Okùn náà dára kó má bàa sọnù sínú pápá. Ṣùgbọ́n nídìí ẹ́ńjìnì tí bélíìtì ń yí, ẹ gé okùn náà kúrò! Bélíìtì tó bá gbá okùn tó wà lọ́rùn ọmọ mú kò ní dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Èyí tó ń bo gbogbo etí

Ó dà bí hẹ́ẹ̀dìfóònù ńlá tí kò ní wáyà. Òun ló wọ́n jù, ìyàtọ̀ owó òun àti fóòmù sì pọ̀. Síbẹ̀ òun ni mo fẹ́ràn jù fún ọmọdé, nítorí kò sí ohun tó ń wọnú etí, ọmọ ọdún mẹ́rin sì lè mọ bí wọ́n ṣe ń dé e. Ẹ wà lókèèrè, ẹ ti máa rí i bóyá ó wà lórí rẹ̀. Ti fóòmù, àfi kí ẹ súnmọ́ ọn kí ẹ tó mọ̀.

Ooru ni ẹ̀sùn tí àwọn ọmọ ń fi kàn án. Òógùn á máa ṣàn lábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á máa ṣí etí kan. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn. Ohun ìdáàbòbo tó ń mú 30 decibel kúrò, bí ọmọ bá bọ́ ọ fún ìdajì àkókò tó lò nínú ariwo, àǹfààní rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3 lọ mọ́. Ó sàn kó jáde síta lọ sinmi ju kó máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ lọ.

Ó tún gbọ́dọ̀ kan awọ ara yí etí ká. Irun dídì tó nípọn, ìborí, tàbí apá awò ojú tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ariwo rí ihò wọlé. Fún ọmọbìnrin, ẹ kó irun rẹ̀ lọ sẹ́yìn kó tó dé e, kó sì wá we ìborí lé e lórí tó bá fẹ́. Ẹ ra ìwọ̀n ti ọmọdé, torí ti bàbá rẹ̀ á máa yọ̀ sọ́rùn. Kí ó sì bọ́ ọ kó tó gun ojú títì, kó lè gbọ́ ọ̀kadà tó ń bọ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ọmọ ọwọ́ àti ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n: kí ó má sí nídìí ẹ̀rọ rárá. Kí ìyàwó ilé kan tàbí ìyá àgbà gbà á mọ́ra lẹ́yìn òkúta títí ìyá rẹ̀ á fi rin ẹ̀gẹ́ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbi àríyá, ẹ má ṣe tẹ́ ẹní ọmọ síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ọmọ tí wọ́n kàn rán lọ sílé ọlọ, jíjìnnà ti tó o. Ẹ má ná owó kankan.

Ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún tàbí tó ń dùn ún, ẹ má ṣe ki fóòmù tàbí rọ́bà bọ̀ ọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má sì ro epo tàbí kẹrosíìnì sí i. Bí ọmọ bá ń béèrè "kí lẹ wí?" lemọ́lemọ́, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó dá ariwo lẹ́bi, torí ìdọ̀tí etí àti àrùn náà ń fa àìgbọ́ràn.

Ọ̀dọ́ tó ti tó ọdún 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń bá àwọn àgbà ṣiṣẹ́ lóko tí tirakítọ̀ ti ń túlẹ̀ láti àárọ̀ títí ọ̀sán, fóòmù tàbí rọ́bà bá a mu, bí ẹnì kan bá lè jókòó tì í kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi í sí i. Lẹ́nu ẹ̀rọ agégi, mi ò rò pé ó yẹ kí ọmọ wà níbẹ̀, ohunkóhun tó wù kó wà létí rẹ̀. Ọmọ ọdẹ tó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ nílò fóòmù nínú, kó tún wá fi èyí tó ń bo gbogbo etí dé e lórí.

Ilé tó bá ni ẹ̀rọ, tí ọmọ sì ń wọlé jáde níbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ ra èyí tó ń bo gbogbo etí, méjì, ọ̀kan fún àgbà, ọ̀kan fún ọmọ. Ìyá ọmọ ẹlẹ́pà mi ra tirẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ó kan ìṣó méjì mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnì kó tó ta, ó sì fi wọ́n kọ́ síbẹ̀. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mú irin náà láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kan èyí tó máa fi bo etí.